Bàálù Onípélé: Ìkẹ́dùn Wa fún Ilé Olúsànyà

Ẹgbẹ́ Àwọn Gbẹ́nàgbẹ́nà Òkè-Agbo,
Ìjẹ̀bú-Igbó.
Oṣù Kejìlá, 1965.

Sí Ìyá Ọláníkẹ́, Arábìnrin Sarah Adépéjú Olúsànyà. Sí Ọláníkẹ́ ọmọ wa. Àti sí gbogbo ẹbí Olúsànyà.

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo, tí ẹ̀rù sì ń bá gbé, ni àwa Ẹgbẹ́ Àwọn Gbẹ́nàgbẹ́nà Òkè-Agbo fi kọ ìwé yìí sí yín lórí ikú ọkọ yín, bàbá yín àti ẹ̀gbọ́n yín, Arákùnrin Zechariah Olúsànyà. Ó lọ lójijì. Ìdí iṣẹ́ ni ó wà.

Bí ó bá jẹ́ pé ọdún mìíràn ni, ìwé yìí ìbá kúrú. À bá yìn ín, à bá gbàdúrà, à bá fọwọ́ sí i. Ọdún yìí kò gbà bẹ́ẹ̀. Àbúrò olóògbé wá bá wa lánàá. Ó ní ẹbí ti pinnu láti sun bàálù onígi tí olóògbé gbẹ́, ní Sátidé tó ń bọ̀, ní ẹ̀yìnkùlé yín. A mọ ohun tó fà á. A kò dá yín lẹ́bi. Ṣùgbọ́n a bẹ̀ yín, ẹ ka ìwé yìí tán kí ẹ tó ṣáná.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ẹni tí ó jẹ́. Àga ìwàásù tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì Àládúrà yín, òun ló kàn án. Kò sí ìṣó kan nínú rẹ̀. Igi mú igi ni. Ilẹ̀kùn ilé ẹgbẹ́ wa, òun náà ló ṣe é. Nígbà òjò, ilẹ̀kùn ẹlòmíràn a máa wú, a sì máa há. Tirẹ̀ kì í há. Ó kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ níṣẹ́ nínú ìsọ̀ rẹ̀, gbólóhùn kan sì wà tí kò jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ sọ létí rẹ̀: "Ó fẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀." Bí ọmọ iṣẹ́ bá ṣèèṣì sọ ọ́, Zechariah á ní, "Oníbàárà kò rán ọ ní fẹ́ẹ̀. Wọ̀n ọ́n."

Ìwà yìí ni ó gbé lọ sí ìdí bàálù.

Nígbà ogun Hítílà, bàálù kan tó máa ń balẹ̀ sórí omi já sínú ọ̀sà, lápá Ìbíadé. Igi ni wọ́n fi ṣe ikùn rẹ̀, ikùn náà sì lu. Àwọn apẹja fi okùn wọ́ ọ dé èbúté. Wọ́n ránṣẹ́ pe gbẹ́nàgbẹ́nà láti Ìjẹ̀bú-Igbó, nítorí ọ̀dọ̀ wa ni pákó wà. Ọ̀gá tó kọ́ Zechariah níṣẹ́ ni ó lọ. Ó lẹ ikùn bàálù náà, òyìnbó méjì tó gbé e wá tún wọ inú rẹ̀, wọ́n sì fò lọ. Zechariah kò bá ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ó gbọ́ ìtàn rẹ̀ ni. Ó ń gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀ títí ọ̀gá fi kú.

Láti ìgbà náà ni ó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti gbẹ́ ẹ. Ilé ìwé kan ní Àgọ́-Ìwòyè gbọ́ nípa rẹ̀. Wọ́n ní kí ó gbẹ́ ẹ fún àwọn, kí àwọn ọmọ lè mọ̀ pé ọwọ́ Ìjẹ̀bú ti kan iṣẹ́ bàálù rí. Ó mú igi ahùn, nítorí pé ó fúyẹ́, ọ̀bẹ sì gbà á. Ó rí àwòrán irú bàálù bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn àtijọ́ kan, ó fi kọ́ḿpáàsì wọ̀n ọ́n láti imú dé ìrù. Íǹṣì kan lára èyí tó gbẹ́ dúró fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lára ti tòótọ́. Ó gbẹ́ ẹ tán. Ó dán an tán. Kò kùn ún lọ́dà. Nígbà tí a bi í léèrè, ó ní òun kò mọ ilà tó kọ.

Ẹ̀yin mọ bí ó ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Àmì ìdánimọ̀ tí wọ́n ń kùn sára bàálù, ilà ni òun ń pè é. Ó ní bí a ṣe ń ti ojú èèyàn mọ ìlú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ń ti ara bàálù mọ ìjọba tó ni ín. Ọ̀gá rẹ̀ ti sọ fún un pé ilà mẹ́ta wà ní ìdí ìrù, ní òòró, bíi pélé: pupa, funfun àti àwọ̀ aró. Ṣùgbọ́n àwọ̀ mẹ́ta yìí kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jọ ń lò. Bí pupa bá ṣíwájú, ti Gẹ̀ẹ́sì ni. Bí aró bá ṣíwájú, ti Faransé ni, láti ìhà Dàhòmì. Ọ̀gá rẹ̀ kò sọ èyí tó ṣíwájú, kò sì sọ ibi tí ìbọn bàálù náà wà gan-an, kí ó tó kú. Olùkọ́ kan ní Àgọ́-Ìwòyè ní kí ó kùn ún bó bá ṣe wù ú, àbí ta ni yóò mọ̀? Zechariah dá a lóhùn pé, "Ẹni tó wọ́ ọ jáde nínú omi yóò mọ̀."

Báyìí ni ó ṣe mú ọ̀nà Ìbíadé pọ̀n.

Ẹ rántí bí ìgbà náà ṣe rí. Ìbò kù sí dẹ̀dẹ̀. Awakọ̀ kì í fẹ́ dúró gbé ẹni tí kò mọ̀. Èèyàn kì í jáde nílé láìkọ́kọ́ yẹ àwọ̀ aṣọ tó wọ̀ wò, kó má baà jọ ti ẹgbẹ́ òṣèlú kan. A sọ fún un pé kí ó dúró di ìgbà tí ìlú bá rọ̀. Ó ní àwọn tó rí bàálù náà ti darúgbó. Òun kò mọ èyí tí yóò ṣíwájú, ìrọ̀rùn ìlú tàbí ikú wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i níbẹ̀, ó rò ó fún wa ní ìpàdé. Ó yẹ kí ẹbí gbọ́ ọ bó ṣe jẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rù tó wọ ilé yín ti ṣẹ̀.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó bá àwọn ọ̀dọ́ kan lábẹ́ igi. Ó kí wọn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mò ń wá ẹni tó mọ̀ nípa èyí tó kọ pélé, tó wọ inú ọ̀sà." Bàálù ni ó ń wí. Kò mọ̀ pé ọkùnrin kan wà, olóṣèlú, tí pélé wà lójú rẹ̀, tó ti sá pamọ́ sí abúlé apẹja kan nínú ọ̀sà lọ́sẹ̀ náà gan-an. Àwọn kan ń wá a láti pa á. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lábẹ́ igi yìí sì ni wọ́n ń ṣọ́ ọ̀nà fún un.

Wọ́n dìde.

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Ta lo ní ó kọ pélé?"

"Bàálù ni."

"Bàálù! Níbo ni bàálù ti rí ẹ̀rẹ̀kẹ́?"

"Ìdí ìrù ló kọ ọ́ sí."

Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. Òmíràn gbá a létí. Ó ní, "Ó ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀! Ó ní ìdí ni wọ́n kọlà sí!" Wọ́n gba àpò rẹ̀, wọ́n da á sílẹ̀. Rúlà bọ́ sílẹ̀. Kọ́ḿpáàsì bọ́ sílẹ̀. Ìwé tó ya bàálù sí bọ́ sílẹ̀, ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí i pé: "Ìbọn, iwájú. Ìbọn, ẹ̀yìn. Bi wọ́n."

Ẹ̀fẹ̀ tán níbẹ̀. Wọ́n mú un lápá mọ́ igi náà. Zechariah sọ fún wa pé òórùn pẹtiróòlù ni òun kọ́kọ́ gbọ́. Òun kò tíì rí agolo rẹ̀ nígbà náà. Ó ní òun fẹ́ ka Sáàmù. Ẹnu òun kò ṣí. Ọkùnrin tó ń fi ohùn rẹ̀ gbé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì yín láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, ẹnu rẹ̀ kò ṣí.

Obìnrin kan tó ń yan ẹja nítòsí ni ó gbọ́ ariwo. Nimotalahi ni orúkọ rẹ̀, ìyàwó Bàdírù Àlímì, ọ̀kan nínú àwọn apẹja tó wọ́ bàálù náà jáde nígbà ogun. Ó gbé àwo ẹja rẹ̀ kalẹ̀, ó wọ àárín wọn.

"Kí ló ṣe?"

"Ìyá, amí ni. Ó ń wá ẹni tó kọ pélé sí ìrù."

Ìyá náà dúró. Ó wo Zechariah, ó wo wọn. Ó ní, "Pélé ìdí ìrù? Ẹ̀yin ọmọ yìí, bàálù Bàdírù mà ni! Ìdí ìrù rẹ̀ ni mo fi ń bo ẹja nígbà tí wọn kò tíì bí ìkankan nínú yín! Ìwọ, gbé agolo yẹn padà síbi tí o ti jí i. Ẹ fẹ́ dáná sun ọmọ ọlọ́mọ nítorí ìrù?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó lọ sí ìdí ààrò rẹ̀, ó sì mú aṣọ kan wá tó le bí awọ, tí èéfín ti gbà. Nígbà ogun, aṣọ tí wọ́n fi bo ìrù bàálù náà ya. Àwọn òyìnbó gé e, wọ́n sọ ọ́ nù. Òun mú un. Àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì hàn lára rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan aṣọ náà sì tẹ̀ kọ́rọ́, níbi tó ti yí iwájú ìrù po. Zechariah na ọwọ́, ó fi ìka kan ibi tó tẹ̀ náà. Pupa ni. Pupa ló ṣíwájú. Ó ní òun gbàgbé pé wọ́n ti gbá òun létí.

Bàdírù fúnra rẹ̀ jáde wá. Ó jókòó, ó fi ẹsẹ̀ ya bàálù náà sórí iyanrìn, ó fi ibi tí ìbọn méjèèjì wà hàn án. Àwọn ọ̀dọ́ náà jókòó tì wọ́n. Ọ̀kan bi í pé, "Bàbá, òyìnbó yẹn jẹ ẹja yín?" Bàdírù ní, "Wọ́n jẹ ẹ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Èyí àgbà tún bèèrè orí."

Zechariah padà sílé pẹ̀lú ohun tó torí rẹ̀ lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì wú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yá ju ọkọ̀ lọ. Kí ó tó dé Òkè-Agbo, wọ́n ti ń sọ ọ́ ní àdúgbò Japara. Ẹlòmíràn ní ó lọ wá èèyàn pa fún òṣèlú. Ẹlòmíràn ní amí ni. Ẹlòmíràn ní bàálù tí yóò gbé ìbọn wọ ìlú ni ó ń ṣe nínú ìsọ̀. Nígbà tí ìbò wáyé, tí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jó káàkiri, kò tún sí ẹni tó ń sọ ọ́ sókè mọ́. Ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń dákẹ́ bí wọ́n bá ń kọjá.

Ìyá Ọláníkẹ́, ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má fi ìbọn sí i. Èmi Alága mọ̀, nítorí pé ó wá bá mi. Ó ní, "Alága, bí mo bá yọ ìbọn rẹ̀, ṣé bàálù Bàdírù náà ṣì ni?" Ó lọ sílé. Ó fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, ó gé e sí méjì, ó kùn wọ́n ní dúdú, ó lẹ ọ̀kan síwájú, ó lẹ ọ̀kan sẹ́yìn. Kí ẹbí mọ èyí, kí wọ́n sì sọ ọ́ fún ẹni tó bá bi wọ́n: ìbọn tí ìlú ń bẹ̀rù, ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ni.

Ẹ̀rù ba òun náà. Kò fi í pamọ́ fún wa. Láti ìgbà tó ti Ìbíadé dé ni kò ti fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró sí ẹ̀yìn òun. Ó yí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ padà kí ojú rẹ̀ lè máa wo ọ̀nà. Bí ẹni tó ń ta karosíìnì bá polówó kọjá, á dìde dúró, kò sì ní jókòó títí òórùn á fi lọ. Nígbà tó fẹ́ kùn pélé náà, ó fi okùn di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mọ́ pákó kí ó lè dúró jẹ́ẹ́. Ẹ wo pélé náà dáadáa, ẹ̀yin tó wà nílé. Kò wọ́. Pupa ló ṣíwájú, funfun tẹ̀lé e, aró kẹ́yìn.

Ó parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àyà rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án, a kò sì ní sọ ohun tí a kò mọ̀ nípa ẹnikẹ́ni.

Ìsìnkú rẹ̀ kò kún. Àwọn tí kò yẹ kí wọ́n ṣàìwá dúró sílé. Ẹ̀rù ni. N kò mọ orúkọ mìíràn tí a lè pè é. Ẹ má kà á sí àìnífẹ̀ẹ́. Bàdírù Àlímì wá láti Ìbíadé lójú ọ̀nà tí àwọn ọmọ wa kò lè gbà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín ń kọrin nínú sùtánà funfun, ẹsẹ̀ wọn lásán. Òun dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń sọ "Innaa lillaahi" sábẹ́ ètè. Lẹ́yìn tí a ti bò ó tán, ẹ mú un wọlé, ẹ fi bàálù náà hàn án. Ó gbé e, ó yí i padà, ó wo ikùn rẹ̀, ó wo ìrù rẹ̀. Ó ní, "Òun rè é. Ẹ̀yin èèyàn yìí, òun gan-an rè é." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ó sì sunkún. A kò tíì rí i kí agbẹ́gi gba ìyìn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú ni àwọn kan dé ẹnu ọ̀nà yín. Àbúrò olóògbé sọ fún wa ohun tí wọ́n wí. Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ palẹ̀ bàálù yìí mọ́, kí àwa má baà wá bá yín palẹ̀ ilé mọ́." Wọn kò pariwo. Wọ́n kí yín kú ọ̀fọ̀ kí wọ́n tó lọ. Èyí ló ba ọkàn wa jẹ́ jù.

Ilé ìwé tó ní kí ó gbẹ́ ẹ ti ránṣẹ́ pé kí ó ṣì wà lọ́dọ̀ yín ná. A kò bá wọn wí. Ọmọ ọlọ́mọ ló wà lọ́wọ́ wọn.

Nítorí náà ni àbúrò olóògbé fi wá bá wa. Ó ní, "Bàbá, ẹni tó kú ti kú. Ṣé kí n wá jẹ́ kí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ jóná tẹ̀lé e ni?" Ọ̀rọ̀ gidi ni. Mo pe ìpàdé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìpàdé náà ṣe lọ, kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni a ń kọ. Mo ní kí a gbé bàálù náà wá sí ilé ẹgbẹ́. Bashiru akọ̀wé wa, ẹni tí kì í jẹ́ kí ìpàdé tán láìpa wá lẹ́rìn-ín, wo èérún igi tó wà ní ilẹ̀. Ó ní, "Alága, ilé gbẹ́nàgbẹ́nà? Ìṣáná kan péré!" Òtítọ́ ni. Ẹlòmíràn ní kí a kùn ún lọ́dà funfun látòkè délẹ̀, kí a pa pélé náà rẹ́, kí ọ̀rọ̀ tán. Àwọn kan mi orí. Bashiru yìí kan náà ló dìde. "Kí ni o wí? Ilà tí ọkùnrin yẹn torí rẹ̀ gbọ́ òórùn ikú, òun lo fẹ́ fi ọ̀dà bò? Ìwọ, gọ̀ǹbọ́ tó wà lójú rẹ yìí, ta ló ti bá ọ pa á rẹ́ rí?" Ẹni tó dá àbá náà fọwọ́ kan ojú ara rẹ̀. Ó jókòó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ sókè fún àbá mi, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin ẹbí, èyí ni èrò wa. Bí ẹ bá sun ún, ẹ ti jẹ́rìí gbè wọ́n. Wọn yóò ní, "Ẹ ò rí i? Bí kì í bá ṣe ohun búburú ni, kí ló dé tí wọ́n fi sun ún?" Orúkọ amí yóò dúró lórí Zechariah, kò sì ní sí níbẹ̀ láti yọ ọ́ kúrò. Ọláníkẹ́ ni yóò máa gbé e kiri. Nimotalahi ti ní kí Bàdírù sọ fún wa pé bí ẹnikẹ́ni kò bá fẹ́ bàálù náà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kí a gbé e wá fún òun. Ẹja òun kò bẹ̀rù rẹ̀. Ojú tì wá nígbà tí a gbọ́ ọ.

Ohun tí a ó ṣe nìyí. Ní Sátidé, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti yọ dáadáa, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó bá lè rìn yóò wá sí ilé yín. A ó gbé bàálù náà lé orí. A kò ní fi aṣọ bò ó. A ó gba iwájú ọjà Òkè-Agbo kọjá, lójú gbogbo ènìyàn. Bí ẹnikẹ́ni bá dá wa dúró, a ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a ó fi ìbọn rẹ̀ hàn án, a ó ní kí ó fọwọ́ kàn án. A ó gbé e kọ́ sí àárín ilé ẹgbẹ́, kí ẹni tó bá ń kọjá lè rí i láti ojú ọ̀nà. A ti gbá gbogbo èérún igi dànù. A ti kó iyanrìn àti omi sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò máa sùn tì í ní méjì-méjì. Ẹní tèmi ti wà níbẹ̀.

Ní ti ilé yín, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò máa jókòó sí ìta yín títí ìlú yóò fi rọ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ kúrò níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, Zipporah ìyàwó mi ti tún yàrá kan ṣe fún Ìyá Ọláníkẹ́ àti Ọláníkẹ́. Kí wọ́n má ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n máa bọ̀ ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ olóògbé yóò parí ẹ̀kọ́ wọn lọ́dọ̀ wa.

A kò sọ pé ẹ̀rù kò bà wá. Ẹ̀rù ń bà wá. A ó ṣe é pẹ̀lú ẹ̀rù náà.

Ẹ̀yin lẹ ni bàálù náà. A kò lè fi agbára gbà á lọ́wọ́ yín. Ohun tí a ń bẹ̀ kò ju èyí lọ: ẹ má ṣáná títí a ó fi dé. Láti Sátidé lọ, ẹni tó bá fẹ́ sun bàálù Zechariah Olúsànyà, kí ó wá sí ilé ẹgbẹ́ wa, kí ó wá bèèrè mi. Kò gbọdọ̀ tún dé ẹnu ọ̀nà yín.

Kí Ọlọ́run gba Zechariah sí ọ̀dọ̀ ara Rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ dẹ́rù bà á. Kí Ó jẹ́ bàbá fún Ọláníkẹ́. Kí Ó tu opó náà nínú, kí Ó sì tu àbúrò náà nínú, ẹni tí ẹrù tó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Kí Ó fi ọwọ́ Rẹ̀ ti ilẹ̀kùn yín. Kí Ó sì jẹ́ kí ẹ rí oorun sùn.

Àmín.

Nathaniel Ọláyíwọlá,
Alága,
ní orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.